J. P. L. Davies, Ọ̀gá Ọkọ̀ Tí Ó Di Àgbẹ̀

Láti Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́ta dé Yábàá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ C.M.S. Grammar School tí ó wà ní Bàrígà. Àwọn tí ó mọ ẹni tí ó fi owó ra ìwé fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni náà ni James Pinson Labulo Davies.

Ní ọdún 1828 ni a bí i ní Sàró. Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀, lára àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Nígbà tí ó kàwé tán, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ọkọ̀ ogun, níbi tí ó ti kọ́ bí a ti ń darí ọkọ̀ lójú òkun. Ní 1852 ó fi iṣẹ́ ogun sílẹ̀, ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò. Ní 1856 ó wá tẹ̀dó sí Èkó.

Òwò rẹ̀ gbèrú, ṣùgbọ́n kò dá owó náà jẹ. Nígbà tí Àlùfáà T. B. Macaulay dá Grammar School sílẹ̀ ní 1859, Davies fi £50 sílẹ̀ fún ìwé àti ohun èlò. Ní 1862 ó gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní ìlú Brighton, ọmọ Yorùbá tí àwọn ará Dàhòmì kó lẹ́rú, tí Ọbabìnrin Victoria sì gbà tọ́.

Nígbà tí ó yá, ayé yí padà. Òwò dẹnu kọlẹ̀, gbèsè àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ní 1880, ikú mú ìyàwó rẹ̀ lọ ní erékùṣù Madeira. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ìrètí nù. Davies kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú igbó lọ ní Ìjọ̀n, ní ìwọ̀-oòrùn Èkó, ó gbin kòkó, ó sì gbé òkúta ìrántí kan dúró níbẹ̀ fún aya rẹ̀. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ilẹ̀ wa. Àwọn àgbẹ̀ Àgége, bí J. K. Coker, tẹ̀ lé ọ̀nà náà, kòkó sì tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé e ró.

Ní 1906 ni Davies kú. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i: nígbà tí ó ní owó, ó ran ilé-ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́, nígbà tí owó tán, irúgbìn tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn ṣe ju èyíinì lọ.