Edmond Halley: Ọkùnrin tó ya máàpù òòfà ayé kí ọkọ̀ ojú omi má baà ṣìnà

Ọkọ̀ ojú omi tó bá ń lọ sí èbúté Douala, lórílẹ̀-èdè Cameroon, kì í dúró sí etí òkun. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú odò Wouri, níbi tí ẹrẹ̀ àti iyanrìn ti máa ń dí ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ lóòrèkóòrè. Odò yìí ni àwọn Pọtogí sọ ní Rio dos Camarões, ìyẹn Odò Edé, tó padà di orúkọ gbogbo orílẹ̀-èdè náà.

Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, atukọ̀ tó bá ṣi kọ́ńpáàsì rẹ̀ kà lè gbé ọkọ̀ gun iyanrìn. Ọ̀kan lára àwọn tó fi ẹ̀mí wewu kí ìyẹn má baà ṣẹlẹ̀ ni Edmond Halley.

Ta ni Halley?

Ọdún 1656 ni wọ́n bí i nítòsí London. Ọlọ́rọ̀ tó ń ṣe ọṣẹ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó fi fásitì Oxford sílẹ̀, tó lọ sí erékùṣù St Helena ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti wo ìràwọ̀ ìhà gúúsù. Ìràwọ̀ 341 ló kọ sílẹ̀.

Lọ́dún 1687, owó ara rẹ̀ ló fi tẹ ìwé Principia tí Isaac Newton kọ.

Kí ni ìṣòro kọ́ńpáàsì?

Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í sábà kọjú sí àríwá gan-an. Òòfà inú ilẹ̀ ayé ló ń fà á, ó sì lè tẹ̀ sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn. Bó ṣe tẹ̀ tó ní ibì kan yàtọ̀ sí ibòmíràn, ó sì ń yí padà bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Ní London, ó tẹ̀ sí ìlà oòrùn ní nǹkan bíi dígírì 11 lọ́dún 1580. Nígbà tó fi máa di 1683, ó ti tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn ní dígírì mẹ́rin àbọ̀.

Bí abẹ́rẹ́ bá tẹ̀ sí ìlà oòrùn, atukọ̀ á fi iye náà kún ohun tí kọ́ńpáàsì sọ. Bó bá jẹ́ ìwọ̀ oòrùn, á yọ ọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ orí máàpù ló ti mú ọ̀nà, tó fẹ́ fi kọ́ńpáàsì tẹ̀lé e, ìdàkejì ni yóò ṣe.

Ká ní kọ́ńpáàsì sọ 100, tí abẹ́rẹ́ sì tẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn ní dígírì 10. 90 ni ọ̀nà tòótọ́. Ẹni tó bá fi kún un dípò kó yọ ọ́ yóò rò pé 110 ni. Tó bá rin máìlì 60, yóò ti fi nǹkan bíi máìlì 20 jìnnà sí ibi tó rò pé òun wà.

Ìrìnàjò lórí ọkọ̀ Paramore

Lóṣù Kẹwàá 1698, Halley gbéra pẹ̀lú ọkọ̀ kékeré kan, Paramore, láti lọ wọn òòfà yìí káàkiri òkun Atlantic. Igbákejì rẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún un, torí pé kì í ṣe ọmọ ogun ojú omi. Halley tì í mọ́ yàrá rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ tu ọkọ̀ padà sílé.

Lọ́dún 1699, ó tún jáde. Ó ń wo ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀, ó sì ń fi wọ́n wé ohun tí kọ́ńpáàsì sọ. Ọmọdékùnrin kan nínú ọkọ̀ bọ́ sómi, ó sì kú, ọ̀rọ̀ tó dun Halley títí ayé. Ní gúúsù jíjìn, díẹ̀ ló kù kí òkè yìnyín fọ́ ọkọ̀ wọn nínú kùrukùru.

Ohun tó fi sílẹ̀

Lọ́dún 1701, ó tẹ máàpù Atlantic jáde, níbi tó ti fa ìlà so gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti tẹ̀ bákan náà pọ̀. Halley mọ̀ pé máàpù náà yóò gbó, nítorí òòfà ayé kì í dúró lójú kan. Ó kú lóṣù Kínní 1742, lẹ́ni ọdún 85. Ìràwọ̀ onírù tó sọ pé yóò padà wá yọ lóòótọ́ lóṣù Kejìlá 1758.

Lónìí, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ Douala ní GPS, ṣùgbọ́n òfin ààbò ojú omi àgbáyé, SOLAS, ṣì ní kí wọ́n ní kọ́ńpáàsì olóòfà, torí pé kò nílò iná mànàmáná. Lórí máàpù òkun, wọ́n ń kọ bí abẹ́rẹ́ ṣe tẹ̀ tó, ọdún tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti iye tó fi ń yí padà lọ́dọọdún. Atukọ̀ tí kò bá ka ọdún yẹn kò tíì ka máàpù náà tán.