Boyd Alexander: Ẹni tí Wọ́n Fi Orúkọ Rẹ̀ Sọ Ẹyẹ Òkun

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ tún dé pẹ̀lú ìtàn ẹni ńlá kan.

Ọdún 1873 ni wọ́n bí Boyd Alexander ní Cranbrook, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Sójà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹyẹ ló gbà á lọ́kàn. Lọ́dún 1897 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù Cape Verde. Ní Raso, níbi tí èèyàn kankan ò gbé, ó rí ẹyẹ kékeré kan tí wọn ò tíì rí níbòmíì; òun ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀, lọ́dún 1898.

Ẹyẹ òkun kan náà wà níbẹ̀ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Boyd's shearwater. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lọ́dún 1912, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Òru nìkan ni ẹyẹ yìí ń wá sórí ilẹ̀, tó bá fẹ́ wọ ihò tó yé sí. Ẹni tó bá fẹ́ rí i lọ́sàn-án, àfi kó wà nínú ọkọ̀. Ẹ̀yìn dúdú, ikùn funfun, á ju apá wìrìwìrì, á tún nà án gbọọrọ lórí ìgbì: ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ nìyẹn, kó tó pòórá. Lóde òní awò awọ̀nàjíjìn ló ń ṣiṣẹ́ náà; láyé tirẹ̀, ìbọn ni.

Lọ́dún 1904, òun, Claud àbúrò rẹ̀, Gosling àti Talbot gbéra láti odò Ọya, wọ́n ń lọ sí odò Náílì. Taifọ́ọ̀dù pa Claud ní Maifoni, nílẹ̀ Bornu. Ibà pa Gosling ní Congo lọ́dún 1906. Boyd àti José Lopes, tó ń bá a kó ẹyẹ jọ, ló rìn ín dópin lọ́dún 1907. Lọ́dún 1910, wọ́n pa Boyd fúnra rẹ̀ ní apá Wadai. Ẹni ọdún 37 ni. Ẹ̀gbẹ́ Claud ni wọ́n sin ín sí. Olive MacLeod, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, wá láti òkè òkun wá wo sàréè náà.

Kí ló kan Kísí tí kò lókun? Àwọn ọdẹ wa mọ ẹyẹ láti ìró àti ìfò rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Igún ti di àwátì ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ bá àwọn bàbá ọdẹ, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. Bí bàbá bá lọ láìsọ, orúkọ ẹyẹ bá a lọ nìyẹn.

Kísí á gbèrú o. Àṣẹ.