Al-Kindi, Onímọ̀ Tí Ó Fi Ohùn Okùn Tọ́jú Aláìsàn

Bí a bá dárúkọ ìṣègùn láàrin àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì, Ibn Sina ni púpọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ rántí. Ẹni tí ó ti kú ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí a tó bí Ibn Sina ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lóṣù yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Abu Yusuf Ya'qub ọmọ Ishaq, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Al-Kindi.

Kufa, ní ilẹ̀ Iraq, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 801. Ọmọ ilé ọlá ni. Bàbá rẹ̀ jẹ́ gómìnà Kufa lábẹ́ àwọn Kálífà Abbasid, ìran rẹ̀ sì lọ bá Al-Ash'ath ọmọ Qays, ọ̀kan nínú àwọn Sàhábé Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ó kàwé dé Baghdad, níbi tí Kálífà Al-Ma'mun (813 sí 833) ti ń mú kí wọ́n túmọ̀ ìwé àwọn ará Gíríìsì sí èdè Lárúbáwá. Al-Mu'tasim tí ó jẹ tẹ̀ lé e fi ọmọ rẹ̀ Ahmad sí ọwọ́ Al-Kindi láti kọ́ ọ ní ìmọ̀.

Ó kọ̀wé lórí ìṣirò, ìràwọ̀, oògùn, àní lórí bí a ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí tí àwọn ọ̀tá bá kọ. Ó kọ̀wé lórí orin pẹ̀lú. Úùdù ni ohun èlò rẹ̀, olókùn mẹ́rin, tí wọ́n ń ta bí a ti ń ta gìtá. Àwọn oníṣègùn ìgbà náà gbà pé omi mẹ́rin ni ó wà nínú ara, pé bí ọ̀kan bá pọ̀ jù, àìsàn dé. Al-Kindi wá so okùn kọ̀ọ̀kan mọ́ omi kọ̀ọ̀kan. Ìṣègùn òde òní ti fi ọ̀rọ̀ omi mẹ́rin yìí sílẹ̀.

Ìtàn tí ó jẹ́ kí n yàn án ni èyí. Oníṣòwò olówó kan wà ní àdúgbò rẹ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa, tí ó sì máa ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọmọ oníṣòwò yìí ni ó di gbogbo ọ̀rọ̀ owó mú: ẹni tí ó jẹ wọ́n, ẹni tí wọ́n jẹ, òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Lójijì ni àìsàn kọlu ọmọ náà, ó ṣubú, kò lè sọ̀rọ̀, kò lè gbápá gbẹ́sẹ̀. Ìdààmú bàbá di méjì: ọmọ ń lọ, ìṣirò owó sì ń bá a lọ. Àwọn oníṣègùn Baghdad kò rí i ṣe. Ni ẹnì kan bá sọ fún un pé ẹni tí ó mọ àìsàn yìí jù lọ ni aládùúgbò tí ó ń bú. Kò sí ọ̀nà mìíràn, ó rán èèyàn lọ bẹ̀ ẹ́.

Al-Kindi kò fi ti èébú ṣe, ó lọ. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú níbi tí iṣan ti ń lù, ó sì ránṣẹ́ pe mẹ́rin nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n mọ úùdù í ta. Ó fi orin kan hàn wọ́n, ó ní kí wọ́n máa ta á ní ìgbèrí rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Bí wọ́n ti ń ta á, èémí ọmọ náà ń le sí i, iṣan rẹ̀ ń lù dáadáa sí i, títí ó fi mira, tí ó jókòó, tí ó sì sọ̀rọ̀. Al-Kindi ní kí bàbá béèrè ohun tí ó fẹ́ mọ̀ kíákíá. Bàbá ń béèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó parí, àwọn olúùdù ṣi orin náà ta, ọmọ náà sì padà sí bí ó ti wà. Bàbá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún un ta. Al-Kindi dá a lóhùn pé ohun tí ó ṣẹ́kù nínú ẹ̀mí ọmọ náà ni wọ́n ti lò, pé kò sí ẹ̀dá tí ó lè fi kún ọjọ́ tí Ọlọ́hun ti pín.

Al-Qifti, tí ó kú ní 1248, ni ó kọ ìtàn yìí sílẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó irinwó ọdún lẹ́yìn Al-Kindi, nítorí náà n kò lè búra fún gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ń pọ́n ọn ni ó hun ún, ọmọ náà ì bá dìde rìn. Ohun mìíràn sì wà: àwọn dókítà òde òní rí i pé ẹlòmíràn tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè kọ ọ̀rọ̀ náà lórin, wọ́n sì ń fi èyí kọ́ àwọn kan ní ọ̀rọ̀ padà.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò béèrè pé ṣebí orin olókùn kò dára. Púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ Fíkíhì kọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ibn Hazm ti Andalus ní tirẹ̀ gbà pé kò sí hadith tí ó fìdí múlẹ̀ lórí kíkọ̀ náà. Ojú ìwé yìí kò gba àríyànjiyàn náà, ẹ bi àwọn àfáà yín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àríyá ni Al-Kindi gbé lọ sí ìgbèrí aláìsàn. Ní 1488 pẹ̀lú, Sultan Bayezid Kejì kọ́ ilé ìwòsàn sí Edirne, ní ilẹ̀ Turkey, Evliya Çelebi sì kọ ọ́ pé àwọn olórin máa ń wá síbẹ̀ nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ nítorí àwọn aláìsàn, pàápàá àwọn tí orí wọn dàrú.

Ìgbẹ̀yìn Al-Kindi kò rọrùn. Nígbà Al-Mutawakkil (847 sí 861), àwọn ọmọ Musa, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ bíi tirẹ̀, bà á jẹ́ lọ́dọ̀ Kálífà. Wọ́n nà án, wọ́n sì kó gbogbo ìwé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó yá, wọ́n dá àwọn ìwé náà padà. Nǹkan bí ọdún 873 ni ó kú ní Baghdad. Ibn al-Nadim ka iṣẹ́ rẹ̀ tó nǹkan bí 260. Púpọ̀ nínú wọn ti sọnù, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn tí ó kọ lórí orin ṣì wà.