James Sumner: Ọlọ́wọ́ Kan Tó Fi Ẹ̀wà Tú Àṣírí Ẹ́ńsáìmù

Ọmọ ọdún 17 ni James Sumner nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ lọ ṣọdẹ ẹyẹ. Ìbọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣèèṣì yìn, ó sì bà á lápá òsì. Àwọn dókítà gé apá náà láti ìsàlẹ̀ ìgúnpá. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé ọlọ́wọ́ òsì ni. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé, tó fi ń ṣeré, òun gan-an ló lọ yẹn.

Ìlú Canton, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1887. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ níṣẹ́ bí ẹni ń kọ́ ọmọdé. Ó fi gbá bọ́ọ̀lù tẹníìsì débi pé ó ń na àwọn tó lọ́wọ́ méjèèjì.

Ó wọ Yunifásítì Harvard, ó gboyè níbẹ̀ ní 1910. Nígbà tó fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, ọ̀jọ̀gbọ́n Otto Folin gbà á nímọ̀ràn pé kó kúkú lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, pé ọlọ́wọ́ kan ò lè ṣe kẹ́mísìrì. Ẹ má dá Folin lẹ́bi jù. Iṣẹ́ ìgò àti iná ni, ọlọ́wọ́ méjì gan-an ń fọ́ ìgò níbẹ̀. Sumner ò gbọ́. Ní 1914 ó gba oyè dókítà lọ́dọ̀ Folin yìí kan náà, ọdún yẹn náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell.

Kí wá ni ó ń wá? Ẹ jẹ iṣu sísè, kí ẹ má tètè gbé e mì, ẹ máa jẹ ẹ́ lẹ́nu fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ẹ́ńsáìmù tó wà nínú itọ́ ẹnu yín ló ń gé iṣu yẹn di ṣúgà. Ẹ́ńsáìmù yìí kan náà ò lè ṣe ẹran ní nǹkan kan, iṣẹ́ ẹran wà lọ́wọ́ ẹ́ńsáìmù mìíràn tó wà nínú ikùn. Ní 1894, ará Jámánì kan, Emil Fischer, ti fi ọ̀rọ̀ náà wé kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo: èyí tó bá bá ojú ihò mu nìkan ló ń wọlé. Àmọ́ irin wo ni wọ́n fi rọ àgádágodo náà? Kò sẹ́ni tó tíì rí i lójú.

Ní 1917, Sumner pinnu pé òun máa yọ ẹ́ńsáìmù kan jáde ní ògidì. Kò lówó púpọ̀, irinṣẹ́ rẹ̀ ò tó nǹkan, kíláàsì tó ń kọ́ sì pọ̀. Ó mú ẹ̀wà kan tí òyìnbó ń pè ní jack bean, torí pé ẹ́ńsáìmù kan pọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yúríésì. Iṣẹ́ yúríésì kò ju ẹyọ kan lọ: kó fọ́ yúríà, èyí tó wà nínú ìtọ̀ wa. Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọjá lẹ́yìn ògiri gáréèjì rí ti gbọ́ òórùn iṣẹ́ náà. Yúríésì inú àwọn kòkòrò tín-tìn-tín ló ń sọ ìtọ̀ di òórùn tó ń ta wá nímú yẹn.

Ọdún mẹ́sàn-án ló fi lọ ẹ̀wà, tó ń rẹ ẹ́, tó ń sẹ́ ẹ. Kò sí àpótí yìnyín níbi iṣẹ́ rẹ̀, ojú fèrèsé ló máa ń gbé ìgò sí lálẹ́, tí á máa bẹ Ọlọ́run pé kí òtútù mú. Ní 1921 ó rí owó láti lọ bá Jean Effront ṣiṣẹ́ ní Brussels, àmọ́ lójú bàbá yẹn, iṣẹ́ òmùgọ̀ ni. Ìrìn àjò náà ò wáyé mọ́.

Ní 1926, ó fi ásítóònù rẹ ẹ̀wà lílọ̀, ó sẹ́ ẹ, ó sì gbé omi rẹ̀ síbi tó tutù mọ́jú. Nígbà tó fi awò wò ó láàárọ̀, ó rí àwọn hóró kéékèèké tó ń dán. Ó yọ́ wọn sínú omi, ó dán wọn wò: agbára yúríésì wọn kọjá àfẹnusọ. Tẹlifóònù ló sáré gbé, ó pe ìyàwó rẹ̀. Purotéènì ni hóró náà, irú ohun tó wà nínú ẹran àti ẹyin.

Wọn ò gbà á gbọ́. Richard Willstätter, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní 1915, àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Jámánì takú pé purotéènì kàn ru ẹ́ńsáìmù ni, pé kì í ṣe òun gan-an. Ta ni olùkọ́ ọlọ́wọ́ kan níwájú irú wọn? Ó ń kọ̀wé, ó ń fèsì, kò sinmi. Nígbà tó di 1930, John Northrop yọ pẹ́písìn, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ ẹran nínú ikùn, ní hóró. Purotéènì lòun náà. Díẹ̀díẹ̀ ni àríyànjiyàn náà parí. Ní 1946, wọ́n fún Sumner ní ìdajì ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì, Northrop àti Wendell Stanley sì pín ìdajì tó kù.

Pé ó jẹ́ purotéènì ló jẹ́ ká lóye ibi tí agbára rẹ̀ ti ń wá. Purotéènì dà bí okùn gígùn tó ká jọ, ó wá ní kòtò kékeré kan nínú. Yúríà nìkan ló bá kòtò yúríésì mu. Tí a bá fi yúríà sílẹ̀ nínú omi lásán, ọ̀pọ̀ ọdún ló máa lò kó tó fọ́, bí ẹni tó fẹ́ gun òkè gíga. Yúríésì á dì í mú, á gbé omi sún mọ́ ọn ní ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, òkè náà á sì wálẹ̀. Ẹyọ kan ń fọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú náà ń lo yúríésì tiẹ̀ láti fi pa oró ásíìdì ikùn tó yí i ká.

Àrùn jẹjẹrẹ ló pa Sumner ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, ní Buffalo. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1975, àwọn onímọ̀ tún yẹ yúríésì ẹ̀wà rẹ̀ wò, wọ́n sì bá irin níkẹ́lì nínú rẹ̀. Kò sí ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ti rí irú rẹ̀ nínú rẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn.