Johanna Döbereiner, obìnrin tí ó rí olùrànlọ́wọ́ ìrèké

Àgbẹ̀ tí ń ra ajílẹ̀ ní ọjà mọ bí ó ti ń jẹ owó tó. Johanna Döbereiner fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ọ̀nà tí ohun ọ̀gbìn yóò fi máa ṣe dáadáa láìsí ìnáwó ńlá bẹ́ẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 1924, ní ìlú Aussig, ní àárín gbùngbùn Yúróòpù. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, a lé àwọn tí ń sọ èdè Jámánì kúrò níbẹ̀. Johanna pàdánù ìyá rẹ̀ ní àkókò wàhálà náà. Ó di alágbàṣe ní oko olóko ní Jámánì: ó ń fún wàrà màlúù, ó ń da ìgbẹ́ ẹran sí oko. Síbẹ̀, kò jẹ́ kí ìṣẹ́ dí òun lọ́wọ́ ẹ̀kọ́. Ó kọ́ ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ìlú Munich.

Lẹ́yìn èyí, òun àti ọkọ rẹ̀ ré òkun lọ sí Bràsíìlì. Ní ọdún 1951, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Seropédica, nítòsí Rio de Janeiro. Ní ọdún 1956, ó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà.

Ilẹ̀ ìrèké ni Bràsíìlì. Johanna ṣàkíyèsí pé a ń gbin ìrèké sórí ilẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú ajílẹ̀ díẹ̀, síbẹ̀ ìkórè kò dín kù. Ta ni ń bọ́ ìrèké náà?

Atẹ́gùn tí ó yí wa ká kún fún asọ́ọ̀tì, ohun tí ń mú ewé tutù yọ̀yọ̀. Ṣùgbọ́n ohun ọ̀gbìn kò lè fúnra rẹ̀ mú un láti inú atẹ́gùn. Àwọn bakitéríà kan, ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò lè rí, ni ń sọ ọ́ di oúnjẹ fún un. Àwọn onímọ̀ ti mọ èyí nípa ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kò gbà pé ìrèké ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1958, Johanna kéde irú bakitéríà kan tí ó wà nínú ilẹ̀ oko ìrèké. Ní ọdún 1988, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kéde òmíràn, tí ń gbé inú ìrèké gan-an. Ìrèké ń fún un ní ṣúgà, òun náà ń fún ìrèké ní asọ́ọ̀tì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbà kò wọ kèrègbè.

Ní àwọn ọdún 1960, Bràsíìlì ń múra láti gbin sóyà káàkiri. Àwọn kan fẹ́ kí a gbára lé ajílẹ̀ ilé iṣẹ́. Johanna kò gbà. Ó tẹnu mọ́ ọn pé kí a lo bakitéríà inú gbòǹgbò sóyà. Ìjọba gbọ́ tirẹ̀. Owó tí èyí ń bá Bràsíìlì fi pamọ́ ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ lọ́dọọdún.

Johanna kú ní Seropédica ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ọdún 2000. Ogun lé e kúrò ní ilé baba rẹ̀. Ilẹ̀ tí ó gbà á, ó sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.