Olóògbé Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, Aṣáájú Ìjọ àti Ilé-Ẹ̀kọ́ ní Ẹkùn Oǹdó

Ó tọ́, ó sì yẹ, ní ọdún ayọ̀ yìí tí ìjọ wa pé ọgọ́rùn-ún ọdún, kí àwa ará Ìjù-Odò rántí àwọn tí ó ṣán igbó kí ọ̀nà tó là. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips.

A bí i ní ọdún 1847. Baba rẹ̀, tí òun náà ń jẹ́ Charles Phillips, ṣiṣẹ́ Ìhìnrere lábẹ́ Ẹgbẹ́ C.M.S. ní Ìjàyè, kí ogun tó fọ́ ìlú náà ní 1862. Olùkọ́ ni ọmọ yìí kí ó tó di àlùfáà. A fi í jẹ díákónì ní 1876, ó sì wọ Oǹdó ní oṣù kìíní ọdún 1877, láti mú iṣẹ́ tí Hinderer ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1875 tẹ̀ síwájú.

Ìrìn àjò ìgbà náà kò rọrùn. Ẹni tí ó bá ti Èkó bọ̀ yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà títí dé Ayésàn, lẹ́yìn náà ni yóò fi ẹsẹ̀ la igbó kọjá dé Oǹdó. Ọ̀nà yìí ni Phillips ń tọ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì fi bójú tó àwọn ìjọ káàkiri.

Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kò fúyẹ́. Kì í ṣe pé àwọn òbí kò fẹ́ ire fún ọmọ wọn. Ọmọ ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ baba lóko. Bí ó bá jókòó ti ìwé, ta ni yóò ro ebè? Ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé ọmọ tí ó bá kàwé yóò kẹ̀yìn sí ìdílé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti fohùn ṣọ̀kan ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ti máa kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, ọmọ oko lè bẹ̀rẹ̀ ní A.B.D., kí ó sì ka Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè ìyá rẹ̀.

Phillips tako pípa ènìyàn rúbọ. Bí ogun Kírìjì ti ń jó, òun àti Àlùfáà Samuel Johnson ni Ìjọba Èkó rán lọ bá àwọn ajagun. Johnson lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn, Phillips lọ sọ́dọ̀ Èkìtì Parapọ̀, a sì ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886. A mọ̀ pé níbi tí ogun bá ti ń jà, ọmọ kò lè ka ìwé.

Ní 29 oṣù kẹfà ọdún 1893, a fi òun àti Isaac Oluwole jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó sùn nínú Olúwa ní 1906. Ọmọ rẹ̀, T. K. Ekundayo Phillips, di gbajúmọ̀ atẹdùùrù ní Kátídírà ti Kristi ní Èkó.

Ní 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Kí ìgbà náà tó dé, ìjọ àti àwọn òbí ni ó ru púpọ̀ nínú ẹrù náà. Ẹ̀yin ará, ọmọ kan tí ó bá wà ní abúlé oko tàbí ní etí odò wa láìmọ ìwé, gbèsè ni ó jẹ́ lọ́rùn wa. Ẹ jẹ́ kí a san án, kí làálàá àwọn baba wa má ṣe já sí asán. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.