Kells, dókítà eyín tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ san owó ìmọ́lẹ̀

Ẹni tó bá dúró lórí afárá Ọ̀wẹnà, níbi tí ọ̀nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ti ré odò náà kọjá, omi tó ń ṣàn lábẹ́ afárá nìkan ló máa rí. Kò lè mọ iye odò kéékèèké tó ń dà wọnú rẹ̀ láàárín igbó kòkó agbègbè Ìdànrè, àfi bí ó bá fara balẹ̀ tọ ipa omi náà lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eyín ọmọ ènìyàn rí. Apá funfun tó yọ síta nìkan ni ojú ń rí. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú egungun lọ, inú gbòǹgbò náà sì ni ihò tóóró wà, èyí tí ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń jẹ́ kí eyín mọ ìrora ń gbà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, dókítà tó bá fẹ́ tọ́jú ihò yìí dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú òkùnkùn. Ọ̀kan pàtàkì lára àwọn tó kọ́kọ́ tan ìmọ́lẹ̀ sí i ni Charles Edmund Kells, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí ìmọ́lẹ̀ náà gan-an padà wá jó.

Ìlú New Orleans, ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí Kells lọ́dún 1856. Dókítà eyín ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gboyè jáde nílé-ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín tó wà nílùú New York lọ́dún 1878, ó padà sílé, òun àti bàbá rẹ̀ sì jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni Kells láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn dókítà eyín àkọ́kọ́ tó fa iná mànàmáná wọ yàrá ìtọ́jú. Ó ṣe ẹ̀rọ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti itọ́ kúrò lójú iṣẹ́, àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ náà sì jàǹfààní rẹ̀. Lọ́dún 1885, ó gba obìnrin kan tó ń jẹ́ Malvina Cueria síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́. Lójú ẹni òní, ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, obìnrin kì í sábà dá lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín láìjẹ́ pé ọkọ tàbí ìbátan rẹ̀ kan tẹ̀ lé e. Nígbà tí obìnrin bíi tiwọn ti wà nínú yàrá Kells, ọkàn àwọn aláìsàn obìnrin balẹ̀ láti dá wá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán X-ray, èyí tó ń la ẹran ara kọjá ṣùgbọ́n tí egungun ń dí lọ́nà. Ní oṣù kìíní ọdún 1896, dókítà eyín kan ní Jámánì, Otto Walkhoff, fi ìtànṣán yìí ya àwòrán eyín ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni ó fi jókòó láìmira kí àwòrán náà tó jáde. Ìròyìn ìtànṣán tuntun yìí dé etí Kells ní New Orleans, kò sì fi iṣẹ́ falẹ̀. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Tulane tó wà nílùú rẹ̀, ó kó ẹ̀rọ tirẹ̀ jọ. Nígbà tó di oṣù keje ọdún 1896 kan náà, ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn dókítà eyín ìhà gúúsù Amẹ́ríkà nílùú Asheville, ó sì fi bí wọ́n ṣe ń ya eyín tó wà lẹ́nu alààyè hàn wọ́n.

Ọdún 1899 ni ó wá ṣe èyí tó mú kí àwọn tó ń tọ́jú inú gbòǹgbò eyín máa rántí rẹ̀ títí dòní. Eyín iwájú òkè kan ló ń tọ́jú, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá òun ti dé ìparí ihò inú gbòǹgbò náà. Ó ti wáyà òjé tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò náà, ó sì fi X-ray yà á. Nítorí pé òjé kì í jẹ́ kí ìtànṣán náà kọjá, wáyà hàn kedere nínú àwòrán, Kells sì fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tó dé. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí dókítà bá mọ̀ lára ìka ọwọ́ rẹ̀ àti igbe aláìsàn ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Bí irinṣẹ́ kò bá dé ìsàlẹ̀, ìdọ̀tí á kù síbẹ̀. Bí ó bá kọjá ààyè rẹ̀, á lu egungun lábẹ́.

Àṣírí tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń tú ni pé inú eyín kò dọ́gba rárá. Lọ́dún 1917, Walter Hess, dókítà eyín nílùú Zürich ní Switzerland, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti rọ́bà rírọ̀ sínú ihò àwọn eyín tí wọ́n ti yọ, ó jẹ́ kí ó le, ó sì fi ásíìdì jẹ eyín náà kúrò. Rọ́bà tó kù ló fi bí inú eyín ṣe rí hàn: òmíràn yà sí méjì, òmíràn yà tán ó tún pàdé, òmíràn sì ta ẹ̀ka bí igi. Nígbà tó di ọdún 1984, Frank Vertucci ní Amẹ́ríkà pín àwọn ipa ọ̀nà inú gbòǹgbò wọ̀nyí sí oríṣi 8. Eyín ńlá àkọ́kọ́ tí a fi ń lọ oúnjẹ ní òkè, gbòǹgbò mẹ́ta ló sábà máa ń ní, àwọn dókítà sì ti ń wá ihò mẹ́ta níbẹ̀ tipẹ́. Lónìí, ó ti hàn pé ju ìdajì irú eyín bẹ́ẹ̀ lọ ló ní ihò kẹrin tó fara pamọ́.

Ìran pẹ̀lú ń kó ipa tirẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 wo eyín kékeré àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé eyín ajá ní ìsàlẹ̀. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, nǹkan bí 33 nínú 100 ló ní ju ihò kan lọ, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 14 péré ni ti àwọn aláwọ̀ funfun. Dókítà tó bá rò pé ihò kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lè fọ ọ̀kan kí ó sì fi èkejì sílẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìrora á padà, aláìsàn á sì máa rò pé ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́.

Kells kò gbà pé àwòrán nìkan tó. Ní nǹkan bí ọdún 1920, ìgbàgbọ́ kan gbilẹ̀ láàárín àwọn oníṣègùn pé eyín ló ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn, láti orí làkúrègbé títí dé orí àìsàn ọkàn. Bí òjìji dúdú kékeré kan bá ti hàn nínú àwòrán X-ray, wọ́n á ní kí wọ́n yọ eyín náà dànù, àwọn mìíràn sì ń yọ gbogbo eyín tó wà lẹ́nu ènìyàn. Kells dìde lòdì sí àṣà yìí níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dúró lórí rẹ̀ pé òjìji lásán ni àwòrán, ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà, àti pé dókítà eyín kò gbọ́dọ̀ yọ eyín tó dára nítorí àṣẹ oníṣègùn mìíràn. Ẹni tó mú X-ray wọ iṣẹ́ eyín fún ìgbàlà eyín kò fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ń ba eyín jẹ́.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò yìí, ikú ti ń bá a ṣeré lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ X-ray, kò sí òṣùwọ̀n tí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Kells máa ń nà síwájú ìtànṣán kí ó tó ya aláìsàn, kí ó lè wo bí egungun ìka rẹ̀ ṣe hàn. Lọ́dún 1901, William Rollins, dókítà eyín kan nílùú Boston, ti kìlọ̀ pé ìtànṣán yìí lè pa ẹran ọ̀sìn, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fetí sí i. Awọ ọwọ́ Kells bẹ̀rẹ̀ sí í bó, egbò tí kò jinná tẹ̀ lé e, nígbẹ̀yìn ó di àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn dókítà gé ìka rẹ̀, wọ́n gé ọwọ́, wọ́n sì tún gé apá. Síbẹ̀, kò ṣíwọ́ ìwé kíkọ, ó sì gbé ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde lọ́dún 1926. Nígbà tí ìrora náà wá ju agbára rẹ̀ lọ, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Ẹni ọdún 71 ni.

Ikú rẹ̀ àti ti àwọn mìíràn bíi tirẹ̀ ló kọ́ ayé lọ́gbọ́n. Lónìí, ìṣẹ́jú àáyá kan kì í pé tí X-ray eyín fi ń parí, dókítà kì í sì í fi ọwọ́ di fíìmù mú mọ́. Ó máa ń sún sẹ́yìn ni. Nítorí pé ihò méjì tó wà lẹ́yìn ara wọn lè jọ ọ̀kan nínú àwòrán pẹlẹbẹ, dókítà lè yí igun ẹ̀rọ padà kí ó sì yà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ CBCT sì wà tó ń fi inú eyín hàn láti igun gbogbo.

Ọ̀nà tó gba orí afárá Ọ̀wẹnà kọjá lọ sí Oǹdó tún lọ sí Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Aláìsàn tó bá ti Ọ̀wẹnà gba ọ̀nà yìí lọ tọ́jú eyín, tí dókítà sì ní kí ó tún ya àwòrán kan sí i, kí ó má ṣe rò pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀ka kan tó fara sin ni dókítà náà ń wá, kí eyín tí ìyá bí mọ́ni lè dúró sẹ́nu. Nítorí irú eyín bẹ́ẹ̀ ni Kells ṣe na ọwọ́ rẹ̀ síwájú ìtànṣán.